Gáráǹtì Tí Kò Sọdá Òkun

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, Tudun Wada àti Samaru,

Ọ̀rọ̀ fóònù fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. A ó fún ará ilé tó ń lọ sí Dubai lówó pé kó bá wa ra tuntun bọ̀. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Nígbà tí tèmi bàjẹ́, Kaduna ni mo gbé e lọ. Wọ́n ní gáráǹtì tí mo mú dání kò kọjá ilẹ̀ tí a ti rà á. Apple pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé gáráǹtì iPhone pé òun lè fi àtúnṣe rẹ̀ mọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á.

Ẹni tó bá ra fóònù ní ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín, tó sì gba rìsíìtì, òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni àjọ náà yóò mú ní Dubai?

Nítorí náà, kí ẹ tó rán ènìyàn, ẹ ní kó béèrè bóyá gáráǹtì náà dé Nàìjíríà, kó sì gba rìsíìtì. Bí kò bá dé, ẹ ra ti ìtòsí, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ má sì pe ẹni tí ẹ rán ní olè. Òun kọ́ ló ṣe fóònù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́