Ẹ Kọ́kọ́ Pọ́n Eyín Ayùn

Ní Òrégùn, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í dákẹ́, mo rí àwọn agégi tí wọ́n ń lu ihò sí sàlẹ́ńsà ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọn kí ó lè lágbára sí i. Èrò tèmi ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ wo ohun tí ayùn ń tú jáde lára igi. Bí ó bá jẹ́ èérún tó nípọn, ṣéènì mú. Bí ó bá kúnná bí èlùbọ́, ó ti kúnu nìyẹn: ẹnu rẹ̀ ti kú. Fáìlì ló ń fẹ́, kì í ṣe ihò. Bí ó bá sì ń gé igi wọ́, eyín apá kan ló mú ju ti èkejì lọ.

Inú epo bẹntiróòlù la ń po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí sí, bíi ti jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour”. Stihl ti Jámánì ní kí a po mílílítà 20 ọ́ìlì tirẹ̀ mọ́ lítà 1 epo. Ẹni tó bá ṣí sàlẹ́ńsà láìtún kabúrétọ̀ tò, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ ju epo lọ. Ọ́ìlì náà yóò dínkù, ooru yóò ha písítìn, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Owó oúnjẹ ọmọ ló bá a lọ.

Bí ẹ̀kọ́ èdè ni àtúnṣe ẹ̀rọ rí: ẹni tí kò tíì gbọ́ ohun tí ó ń wí, kí ó má tíì dá a lóhùn.