Ẹ̀yin Ọ̀gá, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Iṣẹ́ Sọ̀rọ̀



Ní November 1, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú; ọ̀gá tó ń kọ́ ọ wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ láti 2020 ni àwọn ẹnjiníà kan ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ilé náà.

Nídìí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ gbágùúdá, lórí pákó tí bíríkìlà yín ń gùn, ta ló láyà láti sọ pé, "Ọ̀gá, ibí yìí léwu"? Tó bá jẹ́ èébú ló máa gbà, á dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ yẹn ló ń pani.

A ò ní dákẹ́ àdúrà. Àmọ́ nínú Diutarónómì 22:8, Ọlọ́run ní kí onílé mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́.

Ní Mọ́ńdè, ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kí ẹ sì tún un ṣe. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. A ò ní rí ìjàm̀bá o, lórúkọ Jésù!