Kí Ni Álọ́ọ̀mù Ń Ṣe Nínú Àmù?

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, ọ̀kan nínú wa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Ó bu omi odò tí òjò ti dà rú sínú ìgò, ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ó pò ó pọ̀; kò sì pẹ́ tí omi náà fi tòrò. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé álọ́ọ̀mù wúwo, òun ni ó tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Ọmọdékùnrin kan dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, òkúta wúwo jù ú lọ, èé ṣe tí òkúta kì í mú omi tòrò?" Ẹlẹgbẹ́ wa ní kí ó jókòó. Àwa tí a wà lẹ́yìn kíláàsì kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ èsì rẹ̀ nínú wa.

Ní èrò tiwa, ó di ọ̀ranyàn fún ẹni tí yóò di tíṣà láti mọ èsì náà. Ẹyọ amọ̀ tí ń mú omi rú kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 10,000 mìlímítà kan kò lè rì tó mìlímítà kan ní odindi ọjọ́ kan, bí omi tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Irú ohun báyìí ni Thomas Graham, ọmọ ilẹ̀ Scotland, sọ ní kọ́lọ́ìdì ní ọdún 1861, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àtè.

Ṣùgbọ́n kíkéré nìkan kọ́. Àwọn ẹyọ náà ń kọlu ara wọn nígbà gbogbo. Ì bá ṣe pé wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra, wọn ì bá di ńlá, wọn ì bá sì rì. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ni agbára mànàmáná tí ó wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Irú kan náà ni gbogbo wọn ní, èyí tí a ń pè ní nẹ́gátífù, irú kan náà a sì máa lé ara wọn sẹ́yìn. Iyọ̀ ni ó lè ba ìlérasẹ́yìn yìí jẹ́. Schulze ní ilẹ̀ Jámánì ní 1882, àti Hardy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, fi hàn pé iyọ̀ tí agbára pósítífù rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta lágbára ju oníkan lọ ní ọ̀nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Alumíníọ̀mù inú álọ́ọ̀mù jẹ́ oní-mẹ́ta. Ó sì tún ń di ohun rírọ̀ bí òwú nínú omi, tí ń kó amọ̀ mọ́ra bí ó ti ń rì. Òkúta kò ní èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹni tí ó bá sì tẹnu mọ́ ìwúwo, kí ni yóò sọ nípa wúrà, tí ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19? Faraday ṣe omi wúrà pupa ní Lọ́ńdọ́nù ní nǹkan bí ọdún 1857. Díẹ̀ nínú ìgò rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, wúrà náà kò sì tíì rì tán. Ó rí i pé bí a bá fi iyọ̀ sí i, pupa náà a di aró.

A kò sọ èyí láti fi ìmọ̀ ṣe fáàrí. Ẹni tí ó gbà pé ṣe ni álọ́ọ̀mù ń tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ yóò rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni ó dára tó. Bẹ́ẹ̀ ni àpọ̀jù rẹ̀ a máa mú omi kan, ó sì lè sọ àwọn ẹyọ amọ̀ di pósítífù, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí lé ara wọn. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọ yóò lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé omi tí ó tòrò ti mọ́. Àwọn bàbá wa kò fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì. Kòkòrò onígbáméjì lè ṣẹ́kù sínú omi tí ó tòrò bí dígí.

Àwọn kan yóò ní ọmọdé kò lè mòye mànàmáná. A kò gbà. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ fa ìrépé ọ̀rá méjì nígbà ọyẹ́, kí ẹ mú wọn súnmọ́ra. Wọn yóò sá fún ara wọn lójú ọmọ.

A ti bẹ ẹlẹgbẹ́ wa pé kí ó padà sí kíláàsì náà pẹ̀lú ìgò méjì, òkúta nínú ọ̀kan, álọ́ọ̀mù nínú èkejì, kí ó sì jẹ́ kí ọmọdékùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò wọ́n. Lẹ́yìn náà kí ó gbé omi tí ó tòrò ka iná kí ó hó, kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.