Èémí Tó Ń Há ní Ajégúnlẹ̀: Ọkàn Ni, Ẹ̀dọ̀fóró Ni, Àbí Méjèèjì?

Bí a bá dárúkọ Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Èkó á rò pé èyí tó wà nítòsí Àpápá ni. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, bí ènìyàn bá ti ré Mile 12 kọjá, létí odò Ògùn. Omíyalé ló máa ń gbé orúkọ rẹ̀ wọ inú ìròyìn. Ìgbàkúùgbà tí omi dáàmù Ọ̀yán, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, bá kún tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, àdúgbò yìí pẹ̀lú Owódé Onírin àti Àgílítí a máa wà lára àwọn ibi tí omi ń kọ́kọ́ bò. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó lè jáde nínú ilé ara wọn.

Ṣùgbọ́n omi a máa fà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí tó ń kù sẹ́yìn nígbà tí ó bá fà tán: ògiri tó rin gbindin, ibùsùn tó ti bu, àti ikọ́ òun èémí tó ń há, tí ará ilé ń bá yí láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi èéfín kún un. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí owó gáàsì ìdáná ti ga jù fún ti padà sí èédú tàbí kẹrosíìnì. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì àti ata wá sí ọjà Mile 12 kì í pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá to jọ sójú ọ̀nà. Báǹkì Àgbáyé ṣe ìwádìí kan lórí afẹ́fẹ́ ìlú Èkó, ó sì ṣírò rẹ̀ pé èéfín àti eruku wínníwínní inú afẹ́fẹ́ ló fa ikú àìtọ́jọ́ nǹkan bí 11,200 ní ọdún 2018 nìkan. Ìwọ̀n eruku náà tó máíkírógíráàmù 68 nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan. 5 péré ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí láti ọdún 2021. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú wọ̀nyí, àwọn àgbàlagbà tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ń rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìṣòro ni orúkọ tí a ń fún àìsàn. Ìyá kan kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró mí; bí ilẹ̀ bá ṣú, ikọ́ á dé; ìrọ̀rí méjì kò tó o mọ́, ó fẹ́ fi mẹ́ta sùn. Àwọn ará ilé á ní ásímà ni. Aládùúgbò á ní òtútù ló wọ̀ ọ́ láyà látìgbà omíyalé. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. A kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé lóòótọ́ ni àwọn àmì náà jọra. Àìlèmí dáadáa kì í ṣe orúkọ àrùn. Ìró agogo ni. Ẹni tó bá gbọ́ agogo kò tíì mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọkàn ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ń tì í lọ sí gbogbo ara. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti mú ọkàn ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó fún ọdún púpọ̀, yóò dé ibi tí kò ti ní lè tì í tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há sẹ́yìn, omi á máa sun sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja. Ikọ́ òru nìyẹn, èémí tó ń dún fíìn-fíìn nìyẹn, bí ẹni tó ní ásímà gẹ́lẹ́. Ó sì tún lè ti ọ̀dọ̀ kejì wá: ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti bà jẹ́ fún ọdún pípẹ́ máa ń di ẹrù wíwúwo lé apá ọ̀tún ọkàn lórí, títí ẹsẹ̀ á fi wú. Àyà kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì kí wọ́n jọ ṣàìsàn lára ẹnì kan ṣoṣo.

Bí orúkọ bá ṣì, oògùn á ṣì. Inhaler tí ó ń la ọ̀nà èémí lára alásímà lè mú kí ọkàn tí ó ti rẹ̀ máa sáré jù. Àwọn kan lára oògùn tí a ń lò fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, bíi propranolol, lè mú ọ̀fun alásímà dí pátápátá. Oògùn bíi prednisolone, tí àwọn kan ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láìsí ìwé dókítà, a máa dá iyọ̀ àti omi dúró sí ara, a sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Èyí tó ń dùn wá jù ni ti omi dírípù. Aláìsàn tí omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni wọ́n á gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ iṣẹ́, wọ́n á ní àárẹ̀ ló mú un, wọ́n á tún so omi mọ́ ọn lápá.

Ẹ̀rí wà pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn dókítà Federal Medical Centre ní Abẹ́òkúta, ìlú tí odò Ògùn ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 452 tí wọ́n gbé wá nítorí pé ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ tó mọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn. Nǹkan bí ọdún 57 ni ọjọ́ orí wọn bí a bá pín in dọ́gba. Èyí kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Ọjọ́ orí ẹni tó ṣì ń lọ sọ́jà, tó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ ni. Ìwádìí mìíràn tó kó orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà pọ̀, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2012, rí i pé láàárín oṣù mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó kú.

Èéfín náà kò sì dúró sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ní Ìbàdàn, wọ́n pín àwọn aboyún 324 tó ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní ààrò tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù tí kì í rú èéfín, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn jẹ́ 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó dúró ti ààrò àtijọ́, ṣùgbọ́n 1.9 péré láàárín àwọn tó yí padà. Ààrò ìdáná, àní ààrò lásán, ló kan ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nítorí náà, kí ni àyẹ̀wò tó péye? Kò dìgbà tí a bá dé ilé ìwòsàn ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé àdúgbò, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera bi aláìsàn bóyá ó ń jí lóru nítorí èémí, iye ìrọ̀rí tó fi ń sùn, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, bóyá ikọ́ náà ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó fi ń dáná àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó yẹ kí ó wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń há ìka mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì gbọ́ àyà rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìfúnpá tó bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí a wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kò ṣeé gbójú fò. Bí ọ́síjìn bá lọ sísàlẹ̀ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Lẹ́yìn èyí ni fọ́tò X-ray àyà, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, àti èyí tí aláìsàn ń fẹ́ èémí sí láti mọ agbára ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ará Kòsọ́fẹ́ ní àǹfààní kan níhìn-ín: ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà, pẹ̀lú ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín tó wà nínú ọgbà rẹ̀, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wọn gan-an.

Àrùn kòrónà ti kọ́ ìpínlẹ̀ yìí ní ohun tí ọ́síjìn túmọ̀ sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu sọ fún aráàlú pé iye sílíńdà ọ́síjìn tí ilé ìwòsàn Yábàá ń lò lójúmọ́ ti gòkè láti 70 sí 350. Ìgbà náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibùdó ọ́síjìn sún mọ́ àdúgbò. Ìdààmú kejì wá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ilé iṣẹ́ GSK, tí ó ń ta inhaler tí àwọn alásímà mọ̀ jù, kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Owó inhaler fò sókè ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tí kò bá lè ra èyí tí yóò máa lò lójoojúmọ́ á dúró de ìgbà tí èémí bá há, ìnáwó ìgbà náà sì máa ń ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àṣẹ tí Gómìnà fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024, pé ìṣètò ìlera Ìlera Èkó di dandan fún gbogbo olùgbé, fi kan ọ̀rọ̀ yìí tààrà. Àrùn ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe àìsàn ọjọ́ kan. Owó kékeré tó ń jáde lóṣooṣù ló ń gbé aláìsàn ró.

Síbẹ̀, nínú èrò tiwa, ibì kan wà tí iṣẹ́ ṣì kù púpọ̀ sí, ìyẹn ni ìtọ́jú ní àsìkò omíyalé. Nígbà tí omi bá wọlé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń gbé lọ. Ó ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inhaler àti káàdì ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tó ti ń lo oògùn dáadáa á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin wà láìlò ó, ní ilé ìbátan tàbí ní àgọ́, pẹ̀lú òtútù àti ìrònú. A kò rí ìdí tí a kò fi ní máa kọ orúkọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, Àgílítí àti Owódé kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé, kí a fún wọn ní oògùn oṣù méjì, kí ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá àti ti ọ́síjìn sì bá ẹrù ìrànwọ́ dé àgọ́. Ìrẹsì àti mátíráásì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n wọn kì í wọn ìfúnpá.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀, ẹ fi oògùn àti káàdì yín sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn náà sórí fóònù yín tàbí ti ọmọ yín. Ẹ gbé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Bí èémí ẹnì kan bá há débi pé kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ mú un jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti nǹkan, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má pé lé e lórí, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo, kí dókítà lè rí wọn.