Èrìgì ọmọ yín ń ṣẹ̀jẹ̀? Ẹ má fi òní dọ́la

Ọmọ ọdún 3 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi. Ó ti rù, kò jẹun dáadáa, ẹnu rẹ̀ wá ń rùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ lára èrìgì rẹ̀. Àwọn ará ilé ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, eyín ló ń hù." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Eyín híhù kì í jẹ èrìgì.

Kòkòrò ń bẹ lẹ́nu gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà. Bí ara bá le, wọn kò rí wa gbé ṣe. Ṣùgbọ́n bí àìjẹunre-kánú, èéyi, ibà tàbí kòkòrò HIV bá ti gba agbára ara ọmọ, àwọn kòkòrò tó ti ń bá a gbé jẹ́jẹ́ yóò dìde sí i. Ibẹ̀ ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní noma ti ń wá. Ọmọ ọdún 2 sí 6 ló máa ń mú jù, pàápàá níbi tí ìṣẹ́ bá pọ̀ sí.

Àrùn yìí kì í falẹ̀. Èrìgì yóò dégbò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹran ibẹ̀ yóò dúdú, yóò sì jẹrà títí yóò fi dá ihò. Nínú ọmọ 10 tí a kò bá tọ́jú, ó lè pa tó 9. Èyí tí kò kú, ojú rẹ̀ lè bàjẹ́, ó sì lè má lè la ẹnu jẹun mọ́. Lókè Ọya, ní Sókótó, wọ́n dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ lọ́dún 1999 nítorí àrùn yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti patì.

Kì í ṣe àfọwọ́fà ayé, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ má gbé ọmọ pamọ́. Bí ẹ bá tètè gbé e dé ọsibítù, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ gidi lè wò ó sàn.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe nìyí:

1. Ẹ máa la ẹnu ọmọ wò, pàápàá lẹ́yìn èéyi tàbí ibà.
2. Ẹ máa fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.
3. Ẹ fún un ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ògì lásán kò tó.
4. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi fún un ní oṣù 9 àti oṣù 15.
5. Bí ẹnu bá ń rùn, tí èrìgì sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ jù, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ẹ má dákẹ́.