Ẹ̀yin Ará Oko, Àpò Wa Ni Wọ́n Ti Ń Gba Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Awakọ̀

Ẹ̀yin ará Akínyẹlé, ẹ̀yin ará Lágelú, ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá, ẹ̀yin ará Ọ̀nà-Àrà, ẹ gbọ́. 

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni mo bá wá. Mi ò pè yín ká wá bú wọn o. A ti bú wọn tó.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí nígbà tí awakọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, a ó máa rò pé eré ni. Lọ́jọ́ kejì, a ó ní ìjọba máa tó pè wọ́n. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti ń ro lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátì.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́ nìkan. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kò ní sùúrù. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, kò ní ṣeé rẹ fún fùfú, kò ní ṣeé rin fún gàrí. Bí ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò bá dé, iṣẹ́ odidi ọdún kan ti jẹrà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tó ti jáde nìyẹn.

Ẹ wo ìyá tó ń ta ewédú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó ti já a, tó ti dì í ní ìdì-ìdì, tó wọ́n omi sí i, tó fi àpò tútù bò ó. Ó ru ú dé etí títì Lálúpọn, ó dúró. Aago méje lù, kò sí ọkọ̀ Micra. Aago mẹ́sàn-án lù, kò sí bọ́ọ̀sì. Ọlọ́kadà kan yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dá iye kan lé e tó ju gbogbo èrè orí ọjà náà lọ. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, ewédú ti rọ. Ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ewédú ti di ọ̀wọ́n ní ọjà Bódìjà nígboro Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ rà á kò rí i rà. Ẹni tó fẹ́ tà á kò rí ọkọ̀ wọ̀ débẹ̀. Ebi ń pa ti ìgboro, òfò ń ṣe ti oko, bẹ́ẹ̀ ìrìn àárín wọn kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ lórí ọjà. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ń sùn. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa ní ilé ìlera alábọ́dé, ìgboro ni wọ́n ti ń wá. Bí ọkọ̀ kò bá wá, tíṣà kò wá. Bí ọkọ̀ kò bá wá, nọ́ọ̀sì kò wá. Aboyún tó fẹsẹ̀ rìn wá gba abẹ́rẹ́ á bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, á tún fẹsẹ̀ rìn padà. Èyí tí ọmọ wá ń mú lóru ńkọ́, tí wọ́n ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́? Ṣé orí ọ̀kadà la ó gbé e sí?

Ẹ̀yin ará, ìyà yìí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti ń wá ni kí á jọ tẹjú mọ́.

Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà bẹntiróò kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Epo yẹn ni awakọ̀ ń rà. Lẹ́yìn epo, yóò san owó fún ẹni tó ni ọkọ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọlọ́kọ̀. Lẹ́yìn ọlọ́kọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tí wọ́n ń já fún awakọ̀ tó bá sanwó gáréèjì, wá kàn: tíkẹ́ẹ̀tì ibi tó ti gbéra, tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì ibi tó já èrò sí. Níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì bá parí sí, ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tó mú igi lọ́wọ́, tó ń gbowó tí kì í já ìwé kankan fún èèyàn.

Níbo ni awakọ̀ ti ń rí gbogbo owó yìí san?

Àpò wa ni. Owó tó gun orí ẹrù iṣu, àpò wa ni. Owó tó gun orí ọkọ̀ ọmọ iléèwé, àpò wa ni. Alárobọ̀ tó wá ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì wa lóko á kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́kàn kó tó dá wa lóhùn, àpò wa náà ni. Tí awakọ̀ bá sì wá ní òun ò lè san án mọ́, tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, òfò ọjọ́ yẹn, àpò wa ni.

Nítorí náà, ẹ má bá awakọ̀ jà. Ẹ bá a jókòó.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn awakọ̀ èrò l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n dá ọjọ́ méje fún. Ohun tó ká wọn lára ni owó tí àwọn agbèrò ń já gbà lọ́wọ́ wọn ní gáréèjì àti ní ibùdókọ̀, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Èmi ò rò pé awakọ̀ nìkan lè ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ já láé. Bí èrò bá ń ṣépè fún un láti ẹ̀yìn, tí ọlọ́kọ̀ ń béèrè owó rẹ̀, ebi ni yóò lé e padà sẹ́nu iṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì á wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá dúró ti awakọ̀, tí ìyálọ́jà dúró tì í, tí òbí ọmọ iléèwé dúró tì í, ta ni yóò lé e?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ gáréèjì kọjá agbára ìjọba. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2019, kò ju ọjọ́ mélòó kan tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gorí oyè tó fi fòfin de ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nítorí ìjà gáréèjì. Ìjọba gbé ètò mìíràn kalẹ̀ fún gáréèjì lẹ́yìn náà, wọ́n sì tún un tò lọ́dún 2023. Ó hàn pé wọ́n lè ṣe é. Ṣé iye tí awakọ̀ ń san ti wálẹ̀? Ẹ bi awakọ̀ tó gbé yín lánàá.

Ta ló wá ni gáréèjì gan-an? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi í lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́: láti dá gáréèjì sílẹ̀, láti tọ́jú rẹ̀, láti máa darí rẹ̀, àti ọjà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún pàṣẹ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ káńsù, owó náà sì tọ́ sí káńsù. Káńsù kò sì jìnnà sí wa: Mónìyà ni ti Akínyẹlé, Ìyànà Ọ̀fà ni ti Lágelú, Ẹgbẹ́dá ni ti Ẹgbẹ́dá, Akànràn ni ti Ọ̀nà-Àrà.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀.

Ẹ má mú igi dání. Ẹ má mú ìbínú dání. Tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ mú dání.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Láti òní lọ, bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Ẹ ní kó má sọ tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà nù, kó kó wọn sínú ọ̀rá kan. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn, tó máa ń rún mọ́ ọwọ́ kọ́ńdọ́ tí wọ́n á jù sójú títì, ẹ̀rí ni. Kí ọmọ tó mọ̀wé lábúlé kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ wo, gáréèjì wo, èló, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà láìjá ìwé, kó kọ ìyẹn náà sí ọ̀tọ̀. Kí a ṣe é fún oṣù kan péré. Kí a wá ṣí ìwé náà níwájú alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀, kí wọ́n fojú ara wọn kà á.

Ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Òfin kan wà láti ọdún 2011 tó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ìyá wa tí kò mọ̀wé kọ kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn: òfin náà ní kó sọ ọ́ lẹ́nu, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá wa: òṣìṣẹ́ ni yóò bá yín kọ ọ́.

Ẹ̀yin ará Akànràn, ilé yín ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn bàbá wa tó ja ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969, tí Táfà Adéoyè ṣáájú wọn, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, wọn kì í ṣe olóṣèlú. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní kí owó orí wálẹ̀, kí wọ́n yéé fi ipá gbà á, kí wọ́n sì tún ọ̀nà tó wọ abúlé ṣe. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ọ̀nà wà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀ lóko kí ìjà tó rọlẹ̀, owó orí sì wálẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò nígbà yẹn, ẹ̀mí tó pọ̀, ó ṣì ń dùn wá. A kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ta sílẹ̀ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìṣọ̀kan wọn ni kí a mú, kí a fi ìbọn sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, a ó gbé ara wa. Ní Montgomery, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn dúdú kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ìlú láti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1955, nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe nínú rẹ̀. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi dúró. Àwọn tó ní ọkọ̀ láàárín wọn, tí ọkọ̀ wọn tó nǹkan bí 300, ń gbé àwọn tí kò ní. Wọ́n yan ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa kó èèyàn, ìjọ ń dá owó epo. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò ju agbára wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pikọ́ọ̀pù tàbí Micra ti ara yín lábúlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó máa bá abúlé kó ẹrù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ yọ owó epo sílẹ̀ lónìí, kó tó dọjọ́ tí a máa wá a. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ọmọ wa ni yín, ẹ má sọ ìpọ́njú ìyá yín di ọjà. Ẹ̀yin Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ḿbà ẹni tó lè gbé aboyún lóru wà lára ògiri ààfin, kó wà ní mọ́ṣáláṣí, kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má wú ẹ̀gẹ́ tí ẹ kò tíì rí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ilẹ̀, kò ní sá lọ. Tòmátì tó bá ti pọ́n kọjá dídúró, ẹ gé e, ẹ sá a sóòrùn kó má bàa ṣòfò pátápátá.

Ẹ̀yin awakọ̀ náà, mo ń bẹ̀ yín, torí ìjà yín la fẹ́ bá yín jà. Bí ẹ bá máa daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún abúlé ṣáájú. Ẹ má daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì mọ́ ìyá tó ti já ewédú. Ẹ fi ọkọ̀ méjì sílẹ̀ ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan fún aláìsàn, fún aboyún àti fún ọmọ tó ń ṣe ìdánwò WAEC, kí ẹ lẹ ìwé funfun mọ́ dígí rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè dá a mọ̀. Ẹ ṣe èyí, kí ẹ wá wo bí ará oko yóò ṣe tò sẹ́yìn yín.

Ó yá, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ní bírò, kó mú un. Ẹ kọ orúkọ abúlé yín sókè. Ẹ kọ ọ́ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín pé: Tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló bá òfin mu fún ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà wa? Èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ta ló ń gbà á? Èló ló wọlé lọ́dún tó kọjá, kí sì ni ẹ fi ṣe lára gáréèjì wa? Kí ìyálọ́jà fọwọ́ sí i, kí olórí àgbẹ̀ fọwọ́ sí i, kí awakọ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò lè kọ̀wé tẹ̀ka. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún akọ̀wé káńsù ní ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé ó lu òǹtẹ̀ sórí èkejì, kó kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Bí ọjọ́ méje bá pé, ẹ padà lọ, kí ẹ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.