Ẹ Yé Purọ́ Mọ́ Eyín Ọmọ

Ní Ìwàrè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bíi ti Fìdítì àti Ìlọràá, ọmọ oṣù méje tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, "eyín ló ń hù" náà ni. Ọkàn ìyá á balẹ̀, á gbé ọmọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, á gba ọjà lọ. Bí ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n jọ wà lórí ẹní bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru náà ńkọ́? Eyín wo ló ń hù sí ìyẹn lẹ́nu?

Ogún eyín ni ọmọ máa ń hù kó tó pé ọdún mẹ́ta. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń mú gbuuru dání, ọmọ mélòó ni ìbá ṣẹ́kù? Òótọ́ ni pé èrìgì máa ń yún un, itọ́ máa ń dà, ara sì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí eyín ń yọ náà ni ọmọ ń rá, tó ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, tí ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń tán lọ. Láti inú ìlédìí ọmọ kan, kòkòrò rotavirus tó ń fa gbuuru á bá ọwọ́ olùtọ́jú dé inú ògì ọmọ kejì.

Irọ́ pé eyín ló ń fa àìsàn ti pa ọmọ rí. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ìyá ní Nàìjíríà ra oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin. Kẹ́míkà diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló kú. Ẹni tó po oògùn ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ta ló sọ eyín di àìsàn tí wọ́n ń ta oògùn rẹ̀?

Kì í ṣe oògùn eyín ló ń dènà gbuuru, ọṣẹ ni. Regina Ejemot-Nwadiaro, onímọ̀ ará Nàìjíríà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ káàkiri ayé: níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọwọ́ fífọ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé ìwé, gbuuru dín kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Àjẹsára rotavirus tí wọ́n ń kán sẹ́nu náà wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2022, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí eyín kankan tó yọ.

Ẹ̀yin màmá jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ gbé ọṣẹ àti ike omi ẹlẹ́nu sí ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀ ìlédìí gan-an, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ẹ dá ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru padà sílé; ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí wákàtí 48 kọjá lẹ́yìn ìgbà tó yà á kẹ́yìn. Ìyá á bínú nítorí ọjà. Ẹ jẹ́ kó bínú, kó sì gbé ọmọ lọ gba ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi) àti síǹkì ní àgọ́ ìlera.